Wúrà Inú Ẹ̀rọ Àlòkù

Ọ̀rọ̀ wúrà ni mo fẹ́ bá yín sọ lónìí. Kì í ṣe wúrà inú ilẹ̀ o, bí kò ṣe èyí tí ó wà nínú fóònù tí ó ti bàjẹ́, tí ẹ jù sínú àpótí lábẹ́ ibùsùn yín.

Bóyá ẹ ti gbọ́ ọ lọ́jà, tàbí kí ọmọ àdúgbò kan ti sọ ọ́ fún yín, pé wúrà ń bẹ nínú fóònù àti kọ̀ǹpútà, àti pé ẹni tí ó bá ti ní ásíìdì àti ike lè yọ ọ́ jáde ní ẹ̀yìnkùlé ilé rẹ̀. Ìdajì ọ̀rọ̀ yìí, òtítọ́ ni. Ìdajì kejì ni ó ń pa ènìyàn. Ẹ jẹ́ kí á yẹ̀ wọ́n wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Kí ni wúrà wá ṣe nínú fóònù? Ẹ wo irin tí ẹ gbàgbé sínú òjò: ó dípẹtà. Ẹ wo bàbà: bó pẹ́ bó yá, àwọ̀ rẹ̀ a ṣú. Ti wúrà kò rí bẹ́ẹ̀. Bí a rì í mọ́ ilẹ̀ fún 1,000 ọdún, bí ó ti ń dán nígbà tí a rì í ni a ó ṣe bá a. Iná tí ń rìn nínú fóònù kéré púpọ̀, ìpẹtà bíńtín sì tó láti dí i lọ́nà. Ìdí nìyí tí àwọn tí ń ṣe ẹ̀rọ fi ń fi wúrà bo ibi tí irin méjì ti ń fẹnu kanra. Bí a bá tú fóònù, a ó rí pátákó pẹlẹbẹ kan tí àwọn tí ń tún un ṣe ń pè ní bọ́ọ̀dù. Ohun tí ń dán yẹ́ríyẹ́rí létí rẹ̀, wúrà ni. Ṣùgbọ́n ó fẹ́lẹ́ ju irun orí lọ jìnnà. Orí bàbà ni wọ́n kàn fi kùn, bí ìgbà tí a fi ìpara pa ara.

Ó wá tó mélòó? Nínú fóònù 1,000,000, wúrà tí a lè rí tó nǹkan bí kìlógíráàmù 34, fàdákà tó bí 350, bàbà sì tó bí 16,000. Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, ẹ ṣe ìṣirò rẹ̀: fóònù kan yóò mú wúrà bí gíráàmù 0.034 wá. Ẹni tí ó bá fẹ́ gíráàmù kan péré yóò tú fóònù bí 30, kò sì gbọdọ̀ fi ohunkóhun ṣòfò.

Ṣùgbọ́n bí díẹ̀díẹ̀ bá pọ̀, ó ń di ọrọ̀. Ní ilẹ̀ Jàpáànì, láti oṣù kẹrin ọdún 2017 títí di oṣù kẹta ọdún 2019, àwọn aráàlú kó ẹ̀rọ kéékèèké tí wọ́n ti lò tì jọ, ó tó nǹkan bí 79,000 tọ́ọ̀nù. Fóònù tí ó ju 6,000,000 lọ ni wọ́n kó jọ pẹ̀lú. Nínú gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ti rí wúrà kìlógíráàmù 32 àti fàdákà kìlógíráàmù 3,500. Òun ni wọ́n fi ṣe mẹ́dàlì tí àwọn eléré ìdárayá gbà ní Tokyo ní ọdún 2021.

Báwo ni ilé-iṣẹ́ ńlá ti ń ṣe é? Ọ̀pọ̀ wọn ń yọ́ bọ́ọ̀dù nínú ìléru tí ó gbóná ju 1,000 lọ lórí òṣùwọ̀n Celsius. Bàbà tí ó yọ́ a máa kó wúrà àti fàdákà mọ́ra, bí omi ọbẹ̀ ti í kó iyọ̀ mọ́ra. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á wá yà wọ́n sọ́tọ̀. Àmọ́ ẹ fi etí sí èyí dáadáa: èéfín rẹ̀ kì í kàn jáde lọ. Ẹ̀rọ ńláńlá ni wọ́n gbé kalẹ̀ láti mú un, láti tù ú, kí wọ́n sì fọ̀ ọ́ mọ́.

Ta ni ó ní irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ní ẹ̀yìnkùlé? Ẹni tí ó da ásíìdì tí ń yọ wúrà sórí bọ́ọ̀dù yóò rí èéfín pupa rúsúrúsú tí ń rú sókè. Bí ó bá fà á símú, ó lè wúkọ́ díẹ̀, kí ó ní ó ti tán, kí ó jẹun alẹ́, kí ó sì sùn. Kí ilẹ̀ tó mọ́, omi lè ti kún ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀. Ásíìdì náà kì í ṣe wúrà nìkan ni ó ń yọ́. Ó ń yọ́ bàbà, ó ń yọ́ òjé. Níbo ni yóò wá da omi náà sí? Inú gọ́tà ni, láti ibẹ̀ ó di inú kànga. Èyí tí ó sì ń dáná sun wáyà àti bọ́ọ̀dù, májèlé inú ike tí ń jó ni òun àti aládùúgbò rẹ̀ ń mí símú.

Ẹ rántí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Zamfara, ní Òkè Ọya, ní ọdún 2010. Àwọn ará abúlé ń wa òkúta wúrà, wọ́n sì ń lọ̀ ọ́ nínú agbo ilé wọn. Òjé wà nínú òkúta náà. Eruku rẹ̀ bo ilẹ̀ tí àwọn ọmọdé ń jókòó ṣeré, ó sì wọ inú oúnjẹ wọn. Ọmọ tí ó ju 400 lọ ni ó kú. Àwọn òbí wọn kì í ṣe ènìyàn burúkú. Oúnjẹ òòjọ́ ni wọ́n ń wá. Òtítọ́ ni pé òkúta ni tiwọn, kì í ṣe fóònù. Ṣùgbọ́n òjé kan náà ni ó wà nínú léèdì tí wọ́n fi jó nǹkan mọ́ bọ́ọ̀dù àwọn ẹ̀rọ àtijọ́, ó sì wà nínú gíláàsì tẹlifíṣọ̀n onídìí ńlá. Òjé a máa ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́, ohun tí ó bá sì bàjẹ́ níbẹ̀ ṣòro láti tún ṣe.

Kí ni kí á wá ṣe? Èkíní, fóònù tí ó bá ṣeé tún ṣe, ẹ tún un ṣe. Owó tí a ó rí lórí fóònù tí ń ṣiṣẹ́ ju owó gbogbo wúrà inú rẹ̀ lọ. Èkejì, èyí tí ó bá ti kú pátápátá, ẹ má ṣe dáná sun ún, ẹ má sì fi nǹkan gún bátìrì rẹ̀, nítorí ó lè gbiná. Ẹ̀kẹta, ẹ tà á lódindi fún àwọn tí ń kó o lọ sí ilé-iṣẹ́ tí ń tú u bí ó ti yẹ. Ní Nàìjíríà, òfin tí àjọ NESREA ń bójú tó lórí ohun èlò oníná fi ojúṣe gbígba àlòkù padà lé àwọn tí ń ṣe ẹ̀rọ àti àwọn tí ń kó o wọ ìlú lọ́rùn. Ẹ lè bi ẹni tí ó tà á fún yín. Ẹ̀kẹrin, ọmọ iṣẹ́ tí ń fi ṣúkúrú tú fóònù, kí ó fọ ọwọ́ rẹ̀ kí ó tó jẹun.

Àwọn àgbà ní ẹni tí yóò rí erin, inú igbó ni í lọ. Ẹni tí yóò rí wúrà inú fóònù, ilé-iṣẹ́ tí ó ní ìléru ni ó yẹ kó gbé e lọ, kì í ṣe ibi tí ìyá ń dáná, tí ọmọ ń rá. Bí wúrà bá sọnù, a lè rí òmíràn rà lọ́jà. Wọn kì í ta ẹ̀dọ̀fóró ọmọ lọ́jà kankan.