Ní Ẹ̀bá Odò, Títí dé Ẹsẹ̀ Olúmirin

Kí ojú tó rí Olúmirin ni etí ti máa ń gbọ́ ọ. Ẹni tí ó bá sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ní Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà, tí ó san owó ẹnu ọ̀nà, tí ó sì kọjú sí ipa ọ̀nà tí ó wọ inú igbó lọ, yóò kọ́kọ́ rò pé afẹ́fẹ́ ni ó ń fẹ́ lórí ọ̀pẹ. Bí ó bá tún rìn síwájú díẹ̀, yóò rò pé òjò ni ó ń ṣú bọ̀ lókèèrè. Ìgbà tí ó bá gbé ojú sókè tí ó rí i pé ojú ọ̀run mọ́ kedere, tí kùukùu kan ṣoṣo kò sí níbẹ̀, ni yóò tó yé e pé omi ni ó ń kí i káàbọ̀ láti inú igbó.

Láti Ìbàdàn títí dé ibẹ̀ kì í ṣe ìrìn àjò tí ènìyàn ń dágbére fún ará ilé nítorí rẹ̀. Bí ọkọ̀ bá ti kọjá Ilé-Ifẹ̀, tí ó la Iléṣà já, yóò dé Ìwàràjà, níbi tí ọ̀nà ti yà sí méjì: ọ̀kan gun òkè lọ sí Ẹ̀fọ̀n-Alààyè àti Adó-Èkìtì, èkejì tọ ẹsẹ̀ òkè lọ sí Àkúrẹ́. Mo fẹ́ kí òǹkàwé fi oríta yìí sọ́kàn, nítorí omi kan náà ni ọ̀nà méjèèjì ń lọ bá: èyí tí ó gun òkè ń lọ bá a ní orí, èyí tí ó gba ìsàlẹ̀ ń lọ bá a ní ẹsẹ̀. Ẹsẹ̀ ni èmi yàn, nítorí ìdí ni a ti í gun igi, àti nítorí pé ẹni tí ó bá fẹ́ mọ bí ọba ti tóbi tó, ibi tí a ti ń dọ̀bálẹ̀ ni yóò ti wò ó.

Ọ̀nà náà kò le. Àgbàlagbà tí ó ní ọ̀pá lọ́wọ́ lè rìn ín, ọmọdé tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ ẹsẹ̀ í gbé náà lè rìn ín bí a bá di ọwọ́ rẹ̀ mú, nítorí wọ́n ti fi sìmẹ́ǹtì mọ àtẹ̀gùn sí ibi tí ilẹ̀ ti dagun. Bí ènìyàn ti ń lọ ni odò ń bọ̀, tí wọ́n ń pàdé ara wọn láìdúró kí ara wọn. Odò ọ̀hún ni Olúmirin fúnra rẹ̀, lẹ́yìn tí ó ti jábọ́ tán tí ó sì ti gbàgbé ìbínú rẹ̀. Ibi tí ó bá ti jìn díẹ̀, a dákẹ́ bí àgbà tí ó ń ronú, ibi tí ó bá sì ti bá òkúta pàdé, a ráhùn, a gba ẹ̀gbẹ́ kan, a tún padà wá sí ojú ọ̀nà rẹ̀. Lápá kan, igi kòkó dúró pẹ̀lú èso wọn tí ó lẹ̀ mọ́ ara igi bí ọmọ tí ìyá pọ̀n. Lápá kejì, gbọ̀dọ̀gì na ewé rẹ̀ fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ sórí omi, ewé tí àwọn ìyá wa fi ń di obì kí ó má baà gbẹ, tí ọ̀pọ̀ ọmọ ìgboro lónìí kò sì mọ̀ bí wọ́n bá rí i. Òórùn ibẹ̀ jẹ́ ti ilẹ̀ tútù àti ewé jíjẹrà, òórùn tí ń ránni létí oko bàbá ẹni ní àárọ̀ kùtùkùtù.

Níbi tí odò ti tẹ́jú, mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo sì rọra gbé etí òkúta pẹlẹbẹ kan sókè. Akàn kan wà lábẹ́ rẹ̀, kò tóbi ju ìdérí ìgò lọ, àwọ̀ rẹ̀ sì dà bí ti obì tí ó ti gbó. Kò sá. Ó gbé ojú rẹ̀ méjèèjì sókè lórí ọ̀pá wọn tín-ín-tìn-ìn-tín, ó kọ ọ̀kan sí mi, ó kọ èkejì sí ìhà ibi tí omi ti ń bọ̀, ó sì ká apá rẹ̀ tí ó tóbi jù mọ́ àyà bí ẹni tí ó ń dúró de ọ̀rọ̀ tí n óò sọ. Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ ọ pé ojú ni alákàn fi í ṣọ́ orí, ṣùgbọ́n ọjọ́ náà ni mo tó rí òwe náà láàyè, tí ó ń mí, tí omi sì ń rọra gbá a lẹ́sẹ̀. Mo dá òkúta rẹ̀ padà bí mo ti bá a.

Kí n tó kúrò lórí ìrìn ẹ̀bá odò yìí, mo ní láti sọ pé nítorí rẹ̀ gan-an ni mo fi ń kọ̀wé. Ọ̀pọ̀ ènìyàn tí ń ti ìlú ńlá wá máa ń sáré kọjá nínú rẹ̀ bí ẹni tí ó ń lé ọkọ̀ bá; omi tí ó ń já nìkan ni wọ́n wá wò, wọn kò sì ka èyí tí ó ti já sí nǹkan kan. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ẹni tí ó bá fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá rìn ín yóò dé, ẹni tí ó bá fi wákàtí kan rìn ín yóò dé pẹ̀lú, ṣùgbọ́n ẹni kejì yìí ni Olúmirin yóò ti bá sọ̀rọ̀ lójú ọ̀nà kí ó tó fi ojú hàn án.

Nígbà tí ó sì fi ojú hàn, ó fi í hàn lẹ́ẹ̀kan náà. Igbó ṣí bí aṣọ ìkélé, mo sì rí ògiri òkúta gàgàrà kan tí omi bò láti òkè dé ilẹ̀, omi tí ó funfun ju ẹ̀gbọ̀n òwú lọ, tí ó ń wó lulẹ̀ láìwó tán, tí ń ya sí ẹgbẹ̀rún ọ̀nà lórí gbogbo etí òkúta, tí ó sì tún ń parapọ̀ nínú ibú tí ó wà nísàlẹ̀. Olúmirin, a-já-láti-òkè-má-fi-ẹsẹ̀-ṣẹ́! Adúró-lójú-kan-rìn-jìnnà! Ìrì tí ń fò kúrò lára rẹ̀ ti kàn mí lójú kí n tó sún mọ́ ọn, ó tutù bí ọwọ́ ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ aṣọ lówùúrọ̀ ọyẹ́. Ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ bá ẹnì kejì rẹ̀ sọ̀rọ̀ níbẹ̀ ní láti fi ẹnu kàn án létí. Lákòókò òjò, omi náà a pọ́n díẹ̀, agbára rẹ̀ a sì pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí olóye kì í fi orí ara rẹ̀ sí abẹ́ rẹ̀. Nígbà tí ọyẹ́ bá dé, a tín-ín-rín, a mọ́ gaara, ènìyàn a sì lè ka àwọn ìlà ara òkúta lẹ́yìn rẹ̀. Òkúta ibẹ̀ ń yọ̀ bí ilá. Kí àlejò bọ́ bàtà, kí ó sì fi àtàǹpàkò wá ibi tí yóò tẹ̀.

Àwọn ará Ẹ̀rìn sọ fún ni pé olú mìíràn ni ìtumọ̀ orúkọ yìí, èyíinì ni òrìṣà mìíràn. Ìtàn àtẹnudẹ́nu ní obìnrin kan tí à ń pè ní Akínlà, ọmọ inú ìdílé Odùduwà, ni ó kọ́kọ́ bá omi náà pàdé nígbà tí àwọn ènìyàn rẹ̀ ń wá ibi tí wọn yóò tẹ̀dó sí, tí ẹ̀rù sì bà á nígbà tí ó rí ohun tí ó ga, tí ó funfun, tí ó ń bú ramúramù, tí kò sì ní ẹnu. Kí ni à bá sọ bí kò ṣe pé òrìṣà mìíràn ni a tún rí yìí? Mo fẹ́ràn orúkọ náà nítorí òtítọ́ inú rẹ̀: ẹni tí ó sọ ọ́ ti mọ òrìṣà tirẹ̀ nílé, kò sì sẹ́ èyí tí ó bá lóko.

Ọ̀rọ̀ omi ti wà nínú oyè ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Ọwá Obòkun ni à ń pe ọba wọn, nítorí Ajíbógun, àbíkẹ́yìn Odùduwà, tí ó lọ bu omi òkun wá nígbà tí ojú bàbá rẹ̀ fọ́, tí bàbá fi omi náà wẹ ojú tí ó sì ríran. Ó jẹ́ ohun ìyanu fún mi pé ìran tí bàbá ńlá wọn rin ìrìn gbogbo yẹn nítorí omi oníyọ̀, omi dídùn ni ó padà ń já lulẹ̀ lẹ́yìn oko wọn tọ̀sán-tòru, láìsí ẹni tí ó rìn jìnnà lọ bu ú.

Orí òkè Ẹ̀fọ̀n ni omi náà ti ń sọ̀kalẹ̀. Òkúta òkè yìí kì í ṣe ọmọ ìyá àpáta Olúmọ tàbí ti Ìdànrè. Kúọ́sáìtì ni àwọn onímọ̀ ilẹ̀ ń pè é, yanrìn àtijọ́ tí ooru àti ẹrù inú ilẹ̀ tẹ̀ pọ̀ títí ó fi le ju irin lọ. Ilẹ̀ tí ó rọ̀ ní àyíká rẹ̀ ti jẹ dànù láti ọdúnmọ́dún, òun sì ṣẹ́kù ní ìdúró, ó là ní pẹlẹbẹ-pẹlẹbẹ, omi sì sọ àwọn ibi lílà náà di àtẹ̀gùn. Ìpele méje ni wọ́n kà, ìgbèríko àwọn ará Ẹ̀fọ̀n sì wà ní òkè pátápátá. Láti ìgbà tí a ti dá Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun sílẹ̀ ní 1991, tí a sì dá ti Èkìtì sílẹ̀ ní 1996, omi yìí ti jẹ́ ti ìpínlẹ̀ méjèèjì, orí rẹ̀ lọ́hùn-ún, ẹsẹ̀ rẹ̀ níhìn-ín, kò sì dúró béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ẹsẹ̀ òkè kan náà ni ó na ara lọ sí àríwá títí dé agbègbè Òkèmẹ̀sí àti Ìmẹ̀sí-Ilé, níbi tí Èkìtì Parapọ̀ ti dojú kọ Ìbàdàn nínú ogun tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1877, tí kò sì tú títí di 1893. Ìró ìbọn àgbá láàárín àwọn òkè wọ̀nyí ni a fi sọ ogun náà ní Kírìjì. Nígbà tí mo bá rí ọ̀wọ́ ọmọ Ìbàdàn tí wọ́n ru ìkòkò ìrẹsì wọ inú igbó lọ sí ìdí Olúmirin, tí wọ́n ń pariwo ayọ̀, ọkàn mi máa ń lọ sí ariwo ti ìgbà náà. Àwọn mìíràn máa ń gbé kẹ́ẹ̀gì dání láti bu omi lọ fún àdúrà, èyí kò sì yà mí lẹ́nu: ojú ọ̀nà Iléṣà sí Àkúrẹ́ yìí ni Joseph Ayọ̀ Babalọlá wà lórí ọkọ̀ tí ń tẹ ọ̀nà ní 1928, nígbà tí ó gbọ́ ìpè tí ó sọ ọ́ di wòlíì tí ń fi omi gbàdúrà, ní Ẹ̀fọ̀n-Alààyè, lókè lọ́hùn-ún, ni wọ́n sì sin ín sí.

Mo gun ìpele kejì. Ọ̀nà ibẹ̀ kò ní àánú, gbòǹgbò igi ni ènìyàn ń dì mú, èékún a sì máa bẹ̀bẹ̀. Ó lẹ́wà, n kò purọ́, ṣùgbọ́n mo padà sísàlẹ̀ kí oòrùn tó yí.

Ohun tí ó dùn mí ni ọ̀rá píọ̀ wọ́tà. Láàárín òkúta méjì, níbi tí ó yẹ kí akàn mìíràn fi ṣe ilé, ọ̀rá mẹ́fà ni mo kà, pẹ̀lú ike ọtí ẹlẹ́rìndòdò kan tí ó ti wọ́. Ẹni tí ó ra omi nínú ọ̀rá, tí ó gbé e wá sí ìdí omi tí ń ṣàn, tí ó mu ún tán, tí ó sì ju ọ̀rá náà sínú omi: ìwà yìí ń ba ọkàn mi jẹ́ gidigidi. Mo kó wọn sínú àpò. Ìyá kan tí ń ta bọ̀ọ̀lì lẹ́nu ọ̀nà rí mi bí mo ti ń bọ̀, ó gba àpò náà lọ́wọ́ mi láìbéèrè nǹkan kan, ó ní, “Ẹ ṣeun, ọmọ mi. Omi tí à ń mu ni.” Ó sì fi bọ̀ọ̀lì kan lé èyí tí mo rà.

Àṣálẹ́ ti ń lẹ́ nígbà tí ọkọ̀ wa padà dé oríta Ìwàràjà. Òkè Ẹ̀fọ̀n ti dúdú lápá ọ̀tún, ìró omi kò sí létí mi mọ́, ṣùgbọ́n nígbà tí mo fi ọwọ́ kan etí agbádá mi, ó ṣì tutù.