Táyà Pápá Lójú Ọ̀nà Márosẹ̀

Ní orílẹ̀-èdè Jámánì, ẹnikẹ́ni tó bá ní ìwé àṣẹ ìwakọ̀, tí ọkọ̀ rẹ̀ sì bá òfin ìrìnnà mu, lè san owó ní ẹnu ibodè pápá eré ọkọ̀ Nürburgring ní ọjọ́ tí wọ́n bá ṣí i fún gbogbo ènìyàn, kí ó sáré níbẹ̀, kí ó sì tún wa ọkọ̀ kan náà padà sílé kí ilẹ̀ tó ṣú. Apá tí wọ́n ń pè ní Nordschleife ni ó gbajúmọ̀ jù nínú pápá náà. Àárín òkè Eifel ní ìwọ̀ oòrùn Jámánì ni ó wà, ọdún 1927 ni wọ́n ṣí i, gígùn rẹ̀ lé ní kìlómítà 20, kọ́nà inú rẹ̀ sì lé ní 70. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń wa ọkọ̀ asáré lọ síbẹ̀ kì í fi ọkọ̀ mìíràn gbé e. Orí táyà tí wọ́n fẹ́ fi sáré gan-an ni wọ́n ń gbé rìn lójú ọ̀nà márosẹ̀. Ewu tó wà nínú àṣà yìí pọ̀ lójú ọ̀nà ju inú pápá lọ, ìmọ̀ nípa bí táyà ṣe ń ṣiṣẹ́ nìkan ni ó sì lè dín in kù.

Oríṣi táyà mẹ́ta ni ó yẹ kí òǹkàwé kọ́kọ́ yà sọ́tọ̀. Èkíní ni táyà ojú títì lásán, èyí tí ìlà ojú rẹ̀ sábà máa ń jìn tó mìlímítà 7 tàbí 8 nígbà tó bá ṣì jẹ́ tuntun. Iṣẹ́ ìlà wọ̀nyí ni láti fa omi òjò kúrò lábẹ́ táyà kí rọ́bà lè fara kan ọ̀dà. Èkejì ni slick, táyà ìdíje tí ojú rẹ̀ tẹ́jú pẹrẹsẹ láìní ìlà kankan, tó ń di ilẹ̀ gbígbẹ mú ju gbogbo táyà yòókù lọ, ṣùgbọ́n tí òfin kò gbà láyè lójú títì. Ẹ̀kẹta ni táyà pápá tí àwọn awakọ̀ ń pè ní semi-slick, èyí tó wà láàárín méjèèjì: ìlà tó wà lójú rẹ̀ tó kí òfin gbà á fún ojú títì, ṣùgbọ́n ìlà náà kò pọ̀, kò sì jìn tó ti táyà lásán, rọ́bà rẹ̀ sì rọ̀ ju ti táyà lásán lọ fíìfíì.

Rírọ̀ rọ́bà yìí ni ó fún táyà pápá lágbára. Ojú ọ̀dà tó dà bí ohun tó tẹ́jú lójú ènìyàn kún fún gegele àti kòtò kéékèèké. Bí ìwúwo ọkọ̀ bá ti tẹ rọ́bà rírọ̀ mọ́ ọn, rọ́bà náà á wọ inú kòtò wọ̀nyí, á sì di ilẹ̀ mú, nígbà tí rọ́bà líle á kàn máa gba orí wọn kọjá. Ooru ni ó sì ń mú un rọ̀ tó bó ṣe yẹ, nítorí pé ọ̀pọ̀ táyà pápá kì í ṣiṣẹ́ dáadáa àfi bí ó bá gbóná tó nǹkan bí dígírì 80 sí 100 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ìyẹn ooru tó súnmọ́ ti omi híhó. Èrè rírọ̀ ni dídi ilẹ̀ mú, gbèsè rẹ̀ sì ni pé táyà náà ń tètè jẹ. Lára táyà tí wọ́n ń tà ní Amẹ́ríkà, nọ́ńbà kan máa ń wà tó ń sọ bí yóò ṣe pẹ́ tó. Ti táyà pápá Toyo R888R jẹ́ 100, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ táyà ọkọ̀ lásán ni ó ní 400 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí nọ́ńbà yìí bá ṣe kéré tó ni táyà ṣe ń yára jẹ tó.

Ohun tí irú táyà bẹ́ẹ̀ lè ṣe hàn kedere ní oṣù kẹwàá ọdún 2022, nígbà tí awakọ̀ ìdíje Jörg Bergmeister wa Porsche 911 GT3 RS yí Nordschleife ká láàárín ìṣẹ́jú 6 àti ìṣẹ́jú-àáyá 49. Ọkọ̀ tí òfin gbà láyè lójú títì ni, táyà ẹsẹ̀ rẹ̀, Michelin Pilot Sport Cup 2 R, náà sì jẹ́ èyí tí òfin gbà láyè lójú títì. Ìròyìn bẹ́ẹ̀ ni ó ń mú kí àwọn tó ní ọkọ̀ asáré máa ra táyà pápá. Àmọ́ ọ̀jáfáfá awakọ̀ ìdíje ni ó wa ọkọ̀ yẹn, lórí ilẹ̀ gbígbẹ, nígbà tí kò sí ọkọ̀ mìíràn lójú ọ̀nà, kò sì sí ọ̀kankan nínú nǹkan wọ̀nyí tó dá awakọ̀ lásán lójú.

Òfin inú pápá náà tún yẹ ní mímọ̀. Ní ọjọ́ tí wọ́n bá ṣí Nordschleife fún gbogbo ènìyàn, òfin ìrìnnà Jámánì ni ó ń darí rẹ̀: ọwọ́ òsì nìkan ni a ti ń ya ọkọ̀ mìíràn sílẹ̀, wíwọn àkókò tí ọkọ̀ fi yí i ká jẹ́ èèwọ̀, wọn kò sì gba slick láyè. Bí awakọ̀ bá sì fi ọkọ̀ rẹ̀ kọlu irin ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, òun ni yóò san owó àtúnṣe irin náà, bẹ́ẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ìwé àdéhùn adójútòfò kò bo ìjàmbá tó bá ṣẹlẹ̀ nínú pápá eré.

Ìdánwò àkọ́kọ́, níbi tí awakọ̀ púpọ̀ ti ń ṣìṣe, ni ọ̀rọ̀ atẹ́gùn inú táyà. Atẹ́gùn tó bá gbóná máa ń fẹ̀, nígbà tí kò bá sì sí àyè fún un láti fẹ̀ sí, agbára tó fi ń ti ògiri táyà yóò pọ̀ sí i. Bí awakọ̀ bá fún táyà ní 32 psi, ìyẹn òṣùwọ̀n agbára atẹ́gùn, láàárọ̀ nígbà tó tutù ní dígírì 20, tí ó sì sáré títí atẹ́gùn inú rẹ̀ fi gbóná dé dígírì 70, géèjì yóò fi nǹkan bí 40 psi hàn láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fi ohunkóhun kún un. Táyà tó bá le tó bẹ́ẹ̀ á wú láàárín, etí rẹ̀ kò ní fara kan ilẹ̀ dáadáa mọ́, ọkọ̀ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀ ní kọ́nà. Ìdí nìyí tí àwọn awakọ̀ fi ń bọ́ sílẹ̀ lẹ́yìn eré ìṣáájú, tí wọ́n ń tẹ fáàfù, tí wọ́n sì ń tú atẹ́gùn jáde títí géèjì á fi padà sí 32. Ohun tó tọ́ ni wọ́n ṣe yìí fún inú pápá, ṣùgbọ́n bí táyà náà bá ti tutù, ohun tó ṣẹ́kù nínú rẹ̀ kò ní ju nǹkan bí 25 psi lọ. Ẹni tó bá wọ ọ̀nà márosẹ̀ pẹ̀lú 25 psi, tí ó sì ń sáré, ti fi ògiri táyà rẹ̀ sílẹ̀ láti máa rọ́ kí ó sì máa nà léraléra. Ooru á kó sínú rẹ̀, ìyẹn sì jẹ́ ọ̀kan lára ohun tó ń mú táyà bẹ́ lórí eré. Nítorí náà, géèjì àti pọ́ńpù kékeré kì í ṣe ohun àfikún fún ẹni tó ń gbé táyà pápá rìnrìn àjò, dandan ni.

Òjò ni ìdánwò kejì, òkè Eifel kò sì ṣàjèjì sí i, nítorí pé òjò lè máa rọ̀ ní apá kan Nordschleife nígbà tí ilẹ̀ gbẹ ní apá kejì. Bí omi bá pọ̀ lójú ọ̀dà ju ohun tí ìlà táyà lè fà kúrò lọ, táyà á léfòó lórí omi náà, sítíárìn àti bíréèkì kò sì ní gbọ́ ti awakọ̀ mọ́. Òfin ilẹ̀ Yúróòpù ní kí jíjìn ìlà táyà má ṣe kéré sí mìlímítà 1.6, ṣùgbọ́n táyà pápá tó ti jẹ dé ibẹ̀ ti sọ agbára rẹ̀ nù nínú òjò tipẹ́tipẹ́ kí ó tó rú òfin. Ìtàn pápá náà fi hàn bí táyà ṣe ṣe pàtàkì tó nínú òjò: ní 1968, Jackie Stewart, ará Scotland, fi táyà òjò Dunlop gba ife-ẹ̀yẹ Grand Prix Jámánì nínú òjò àti kùrukùru, ó sì fi ju ìṣẹ́jú 4 lọ ṣáájú ẹni tó ṣe ìkejì.

Òtútù ni ìdánwò kẹta. Rọ́bà tí wọ́n pò fún ooru máa ń le gan-an nínú òtútù, tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ilé iṣẹ́ táyà fi ń kìlọ̀ pé kí wọ́n má ṣe wa ọkọ̀ lórí irú táyà yìí nígbà tí òtútù bá mú gidigidi, nítorí pé ojú rẹ̀ lè sán. Kódà ní òwúrọ̀ tí òtútù kò pọ̀, táyà tí kò tíì gbóná kò ní di ilẹ̀ mú bó ṣe ń ṣe nínú pápá, bẹ́ẹ̀ ni kìlómítà díẹ̀ lójú títì kò tó láti mú un gbóná. Awakọ̀ tó gbàgbé èyí á ya kọ́nà nílé bí ẹni tó ṣì wà nínú pápá, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ aburú ti ń ṣẹlẹ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ lọ, kí ó sì bọ̀ ní àlàáfíà, ní láti fi eré ìkẹyìn rìn jẹ́jẹ́ kí bíréèkì àti táyà lè tutù, kí ó dúró títí ooru á fi kúrò, kí ó fi atẹ́gùn kún táyà, kí ó tún àwọn nọ́ọ̀tì ẹsẹ̀ ọkọ̀ dì, kí ó sì yẹ ojú táyà wò bóyá òkúta tàbí irin ti wọ̀ ọ́, nítorí pé rọ́bà tó rọ̀ máa ń kó gbogbo ohun tó bá bá lójú ọ̀nà. Bí ojú ọjọ́ bá ṣú, kí ó dín eré kù ju ti àwọn ọkọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lọ, bó ti wù kí ọkọ̀ tirẹ̀ wọ́n tó.

Ẹ̀kọ́ yìí kan ẹni tí kò ní ọkọ̀ asáré pẹ̀lú. Atẹ́gùn táyà gbogbo ọkọ̀ ni ó yẹ kí a máa wọ̀n kí ọkọ̀ tó gbéra, nígbà tí táyà ṣì tutù. Ẹni tó bá sì ń ra táyà, àgàgà tòkúnbọ̀, kí ó wá nọ́ńbà mẹ́rin tó parí àkọlé DOT lára rẹ̀: bí ó bá jẹ́ 2319, ọ̀sẹ̀ 23 ọdún 2019 ni wọ́n ṣe é. Rọ́bà máa ń gbó bí ìlà rẹ̀ tilẹ̀ ṣì jìn, nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi ojú lásán ra táyà.