Ìwé Iye Owó Mẹ́ta

Iṣẹ́ ńlá ni òfin ní kí a kéde nínú ìwé ìròyìn. Iṣẹ́ kékeré ní ọ̀nà tirẹ̀. Bí Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, tí í ṣe ti ìjọba àpapọ̀, bá fẹ́ ra àga, tí owó rẹ̀ kò sì kọjá ààlà tí ìlànà fi lélẹ̀, òfin ọjà rírà ti ọdún 2007 gbà á láyè láti béèrè iye owó lọ́wọ́ gbẹ́nàgbẹ́nà mẹ́ta, ó kéré tán. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò gbọdọ̀ ní àjọṣe. Iye kan ṣoṣo ni ẹnì kọ̀ọ̀kan yóò dá. Kò gbọdọ̀ yí i padà, a kò sì gbọdọ̀ bá a dúnàá-dúrà.

Ti àjọṣe yìí ni ó le jù. Ní àdúgbò bí Ìlàré, ọ̀gá àti ọmọṣẹ́ rẹ̀ àtijọ́ lè ya ìsọ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, síbẹ̀ kí wọ́n jọ máa pín èrè. Ìwé lásán kò lè fi èyí hàn. Àfi kí òṣìṣẹ́ fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ dé ìsọ̀.

Ẹni tí ó nílò àga 300, tí ó wá rà á ní 100-100 lẹ́ẹ̀mẹta kí owó má baà kọjá ààlà, ti ṣẹ̀ sí abala 58. Ẹ̀wọ̀n rẹ̀ kò gbọdọ̀ dín ní ọdún 5, kò sí owó ìtanràn, iṣẹ́ rẹ̀ yóò sì bọ́.