Ọ̀fẹ́ àti Òmìnira: Ọ̀rọ̀-Ìperí Nínú Àríyànjiyàn Lórí Kóòdù Red Hat

Ní 2023, àwọn olùkọ́ kan ní Amuwo-Odofin bẹ̀ wá pé kí a túmọ̀ ìròyìn kan tí ó ń jà rànyìn láàrin àwọn oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà: ilé-iṣẹ́ Red Hat ti Amẹ́ríkà ti dín ọ̀nà tí ará ìta ń gbà rí kóòdù rẹ̀ kù. Níbi tí Gẹ̀ẹ́sì ti lo ọ̀rọ̀ kan náà fún ohun tí a kò sanwó lé àti ohun tí a kò dè, a kọ “kóòdù ọ̀fẹ́”. Nígbà tí a kà á sétígbọ̀ọ́ wọn ní Festac Town, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe dìde. Ó ní, “Ẹ forí jì mí, sà. Bí ó bá jẹ́ ọ̀fẹ́ ni, kí ni ilé-iṣẹ́ náà wá ń gba owó lé lórí láti ọdún yìí wá?” A kò rí èsì fún un. Àṣìṣe náà jẹ́ tiwa, òun ni ó sì bí àpilẹ̀kọ yìí.

Ẹni tí ó ra àgbo inú ìgò lè mu ún kí ara rẹ̀ yá, ṣùgbọ́n kò mọ ewé àti egbò tí ó wà nínú rẹ̀, kò sì lè yọ èyí tí kò bá a lára mu kúrò. Bí àgbo inú ìgò ni ẹ̀dà tí ẹ̀rọ ń lò rí. Ohun tí ènìyàn kọ, tí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lè kà kí ó sì tún ṣe, ni a ń pè ní kóòdù orísun níhìn-ín. (A ti dán “àkọsílẹ̀ ìpìlẹ̀” wò, ó gùn, àwọn oníṣẹ́ kò sì gbà á lẹ́nu wa.)

Richard Stallman bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ GNU ní 1983, ó sì gbé ìwé-àṣẹ GPL jáde ní 1989. Ìwé-àṣẹ yìí kò ní kí ẹnikẹ́ni má tajà. Ohun tí ó wí ni pé ẹni tí ó bá fún ènìyàn ní ẹ̀dà tí ẹ̀rọ ń lò gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ó rí kóòdù orísun rẹ̀ gbà, kí ó lè tún un ṣe, kí ó sì lè pín in fún ẹlòmíràn. Linux, tí Linus Torvalds bẹ̀rẹ̀ ní 1991, wà lábẹ́ ẹ̀dà kejì rẹ̀, orí Linux ni Red Hat sì kọ́ ọjà rẹ̀ lé.

Fún ọ̀pọ̀ ọdún, CentOS ń kó kóòdù Red Hat jọ, ó ń sọ ọ́ di irú ọjà náà gan-an fún àwọn tí kò lè san owó àsansílẹ̀. IBM ra Red Hat ní 2019 ní 34 bílíọ̀nù dọ́là. Ní oṣù Kejìlá 2020 a kéde òpin CentOS irú ti àtijọ́; AlmaLinux àti Rocky Linux dìde láti rọ́pò rẹ̀. Ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹfà 2023 ni Red Hat wá kéde pé CentOS Stream, níbi tí iṣẹ́ ẹ̀dà tí ń bọ̀ ti ń lọ lọ́wọ́, nìkan ni gbogbo ayé yóò ti máa rí kóòdù. Kóòdù ọjà gan-an di ti àwọn oníbàárà, àdéhùn wọn sì fún ilé-iṣẹ́ náà láyè láti fòpin sí àjọṣe pẹ̀lú ẹni tí ó bá pín in kiri. Mike McGrath, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gá ibẹ̀, wí pé àwọn tí ń ṣe àdàkọ láìfi nǹkan kún un kò ran iṣẹ́ lọ́wọ́. Àwọn alátakò dáhùn pé ọ̀pọ̀ ènìyàn tí kì í ṣe òṣìṣẹ́ Red Hat ni ó kọ Linux. Ní oṣù Kẹjọ, Oracle, SUSE àti CIQ dá OpenELA sílẹ̀.

Irú ìjà yìí kò ṣàjèjì sí ará Festac Town. Ìjọba àpapọ̀ ni ó kọ́ ìlú náà nítorí àjọ̀dún 1977. Owó gbogbo wa ni a fi la ọ̀nà ibẹ̀. Lónìí àwọn àdúgbò ti ṣe géètì nítorí olè, wọn a sì máa tì í lálẹ́. Ẹni tí ń dáwó ọlọ́dẹ a bínú sí ẹni tí ń kọjá láìdáwó. Ẹni tí ń kọjá a béèrè pé ta ni ó ni ọ̀nà. Àwọn méjèèjì ní àwíjàre.

Bí a bá kọ “ọ̀fẹ́”, ẹ̀ṣẹ̀ Red Hat á di pé ó ń tajà, àwọn alátakò rẹ̀ á sì dà bí ẹni tí ń wá ìfà. Bí a bá kọ “òmìnira”, ìbéèrè gidi yọjú: ẹni tí ó ní ẹ̀tọ́ láti pín nǹkan, ṣùgbọ́n tí a ó já sílẹ̀ bí ó bá pín in, ǹjẹ́ ó ní òmìnira? Àìsàn Gẹ̀ẹ́sì ni a gbé wọ ara Yorùbá tí kò ṣàìsàn. Nítorí náà a dábàá “kóòdù olómìnira”.

“Ṣíṣí” náà kò tó. Ní oṣù Kẹjọ 2023 kan náà, HashiCorp yí ìwé-àṣẹ Terraform padà: kóòdù náà ṣì wà ní gbangba, ṣùgbọ́n ẹni tí ń bá ilé-iṣẹ́ náà díje kò gbọdọ̀ lò ó. Ojú ni ó ṣí sí. A dábàá “kóòdù àwòmálò” fún irú èyí, bí ó tilẹ̀ le díẹ̀, nítorí ẹni tí kì í díje lè lò ó.

A ti tún ìtumọ̀ náà kọ, a sì ti fi ránṣẹ́ sí Amuwo-Odofin. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà gba “olómìnira”. Ó ní òun ṣì ń ro ti “àwòmálò”.