Kókó sẹ́ẹ̀lì ìbísí inú àyà

Kókó sẹ́ẹ̀lì ìbísí inú àyà jẹ́ kókó tí kò wọ́pọ̀, tí ó máa ń hù láàárín ẹ̀dọ̀fóró méjèèjì, lẹ́yìn egungun àárín àyà, láti ara irú sẹ́ẹ̀lì tí ó yẹ kí ó di ẹyin obìnrin tàbí àtọ̀ ọkùnrin. Inú kórópọ̀n tàbí ilé ẹyin ni irú kókó bẹ́ẹ̀ sábà máa ń wà. Nínú àgbàlagbà, nǹkan bí 2 sí 5 péré nínú 100 ni ó ń bẹ̀rẹ̀ ní ibòmíràn, àyà ni ó sì wọ́pọ̀ jù nínú àwọn ibòmíràn náà. Ní ti ọmọ ọwọ́, ìdí egungun ẹ̀yìn ni.

Ibi tí ó ti ń wá

Àlàyé tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà ni pé, nígbà tí ọmọ ṣì jẹ́ ọlẹ̀, àwọn sẹ́ẹ̀lì ìbísí máa ń gba àárín ara kọjá lọ sí ibi tí kórópọ̀n tàbí ilé ẹyin yóò wà. Àwọn kan a máa ṣìnà, wọn a sì kù sójú ọ̀nà. Àwọn ọkùnrin tí a bí pẹ̀lú krómósómù X kan lé, èyí tí a ń pè ní ipò Klinefelter, wà nínú ewu ju àwọn yòókù lọ.

Oríṣi àti àmì

Teratoma tí ó ti gbó kì í ṣe jẹjẹrẹ. A lè bá irun, eyín, awọ àti ọ̀rá nínú rẹ̀. Tọkùnrin tobìnrin ni ó ń mú, ó sì lè wà láyà fún ọ̀pọ̀ ọdún láìsí ìrora, títí àwòrán X-ray tí a yà nítorí nǹkan mìíràn yóò fi tú u fó. Iṣẹ́ abẹ nìkan tó láti wò ó sàn.

Àwọn méjì yòókù, ìyẹn seminoma àti àwọn tí kì í ṣe seminoma, jẹ́ jẹjẹrẹ. Nínú àgbàlagbà, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ti ọkùnrin nìkan, pàápàá ẹni ọdún 20 sí 40. Wọ́n máa ń fa ikọ́, èémí tí kò délẹ̀ àti àyà dídùn. Ojú àti ọrùn a sì máa wú bí kókó bá tẹ iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ fún AFP àti hCG ṣe pàtàkì: bí AFP bá ga, kókó náà kì í ṣe seminoma lásán. Àmọ́ AFP ọmọ tuntun a máa ga fúnra rẹ̀, nítorí náà a kò gbọdọ̀ fi òṣùwọ̀n àgbàlagbà wọn ọmọ ọwọ́.

Ìyè àti ọjọ́ orí

Nínú ìwádìí kan tí a tẹ̀ jáde ní 2002 lórí aláìsàn 635 ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà, nǹkan bí 88 nínú 100 àwọn tí ó ní seminoma ni ó wà láàyè lẹ́yìn ọdún 5. Fún àwọn tí kì í ṣe seminoma nínú àyà, 45 péré ni. Ìpínsísọ̀rí àgbáyé ti 1997 ti fi gbogbo wọn sí ìpele ewu ńlá, bí ó ti wù kí àmì inú ẹ̀jẹ̀ kéré tó. Àwọn ọmọdé tí kò tí ì bàlágà sàn jù wọ́n lọ. Nǹkan bí ọdún 11 ni àwọn olùwádìí rí gẹ́gẹ́ bí ààlà.

Ìtọ́jú

Ṣáájú cisplatin, díẹ̀ ni ó ń yè. Ní 1974, Lawrence Einhorn ní Yunifásítì Indiana bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó pẹ̀lú oògùn méjì mìíràn fún jẹjẹrẹ kórópọ̀n, àṣeyọrí rẹ̀ sì kan ti àyà náà. Lónìí, cisplatin, etoposide àti bleomycin ni a máa ń lò pọ̀ jù. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé bleomycin lè ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́, bẹ́ẹ̀ sì ni aláìsàn yìí ṣì ń bọ̀ wá ṣe iṣẹ́ abẹ ńlá láyà. Nítorí náà, ọ̀pọ̀ dókítà ń fi ifosfamide rọ́pò rẹ̀. Ó yẹ kí a fún ọkùnrin ní ànfààní láti tọ́jú àtọ̀ pamọ́ kí oògùn tó bẹ̀rẹ̀. Nínú ọmọdé, a lè lo carboplatin dípò cisplatin tí ń ba etí jẹ́. Nínú àgbàlagbà, kò lágbára tó.

Lẹ́yìn oògùn, a gbọ́dọ̀ yọ gbogbo ìyókù kókó tí kì í ṣe seminoma, nítorí pé teratoma tàbí jẹjẹrẹ tí kò kú lè ṣẹ́ kù sínú rẹ̀. Ti seminoma ni a sábà máa ń ṣọ́ láìgé. Bí èyí tí kì í ṣe seminoma bá padà, ìwòsàn rẹ̀ ṣòro gan-an. Àwọn díẹ̀ nínú aláìsàn wọ̀nyí tún máa ń ní jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ tí kò ti ọwọ́ oògùn wá: irú àbùkù kan náà lára krómósómù 12 ni a ti rí nínú kókó àyà àti nínú ẹ̀jẹ̀ wọn.