Ẹrù Tí Kẹ̀kẹ́ Yóò Rù Dé Deadhorse

Kò sí ibi téèyàn lè gbẹ́sẹ̀ lé nínú yàrá tí àbúrò mi ti ń di ẹrù ní Fairbanks, ní ìpínlẹ̀ Alaska. Àgọ́, túúbù, sípáná, ìbọ̀sẹ̀, àpò gàrí, gbogbo rẹ̀ ló tẹ́ sílẹ̀. Òpópónà Dalton ló fẹ́ gun kẹ̀kẹ́ gbà dé Deadhorse, nítòsí Òkun Arctic. Kìlómítà 666 ni ọ̀nà náà. Ọdún 1974 ni wọ́n là á nítorí páìpù epo rọ̀bì, àwọn ọkọ̀ àjàgbé ló sì ṣì ń jẹ gàba lórí rẹ̀.

Láti Coldfoot dé Deadhorse, nǹkan bíi kìlómítà 386, kò sí ilé epo, kò sí ṣọ́ọ̀bù, kò sí ẹni tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe. Ìdí nìyí tí àpò irinṣẹ́ fi ká mi lára ju gbogbo ẹrù yòókù lọ. Mo bá a yẹ̀ ẹ́ wò: páàṣì àti gọ́ọ̀mù, pọ́ǹpù, ojú ṣéènì, rọ́bà búréèkì, àti irin pẹlẹbẹ tó di jíà ẹ̀yìn mú. Irin yẹn kò ju ìka lọ, ṣùgbọ́n bó bá kán, ìrìn parí, torí irú kẹ̀kẹ́ kọ̀ọ̀kan ló sábà máa ń ní tirẹ̀. Ti ẹlòmíì lè má bá a mu. Méjì ni mo ní kó mú. Bọ́rọ́ọ̀ṣì àti òróró ṣéènì náà kò gbọ́dọ̀ gbẹ́yìn. Calcium chloride ni wọ́n ń dà sójú ọ̀nà nítorí eruku. Bí òjò bá rọ̀, ẹrẹ̀ ibẹ̀ a lẹ̀ mọ́ kẹ̀kẹ́, a sì gan bíi sìmẹ́ǹtì.

Gàrí àti kúlíkúlì kò nílò iná, mo fara mọ́ ọn. Ohun gbogbo tó bá ń ta sánsán, títí kan ọṣẹ ìfọyín, inú ike tí béárì kò lè ṣí ló wọ̀, yóò sì máa gbé e jìnnà sí àgọ́ lálẹ́. Agolo ata tí wọ́n ń fín sí béárì kò ṣe é gbé wọ bàálù, Fairbanks níbí ló ti rà á. Ó fẹ́ kì í sísàlẹ̀ àpò. Mo ní kó so ó mọ́ ọwọ́ kẹ̀kẹ́.

Ṣòkòtò tó pọ̀ jù, a yọ ọ́. Aṣọ òtútù, rárá o: òkè Atigun ga ní mítà 1,444, yìnyín lè bọ́ níbẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn pàápàá.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi gbé kẹ̀kẹ́ náà wò." Ẹ̀yìn wúwo jù. A gbé oúnjẹ díẹ̀ síwájú.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbèrò irú ìrìn yìí, ẹ di ẹrù yín pé, kí ẹ sì gun kẹ̀kẹ́ náà tẹrùtẹrù nítòsí ilé kí ẹ tó gbéra. Ẹ sọ ọjọ́ tí ẹ máa dé fún ẹnì kan, torí ibi tí fóònù kì í ti í gbé pọ̀ lójú ọ̀nà yẹn.