Ọ̀ràn Èdè Ìbílẹ̀ Nínú Ewì: Àpẹẹrẹ Nuala Ní Dhomhnaill

Ìfáàrà
Ìbéèrè kan wà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń bi wá: ‘Bí a bá fi Yorùbá kọ ewì, ta ni yóò kà á?’ Nínú àpilẹ̀kọ yìí, a ó wo ìgbésí ayé àti iṣẹ́ Nuala Ní Dhomhnaill, akéwì obìnrin ọmọ ilẹ̀ Ireland, láti wá ìdáhùn. Èdè Irish ni ó fi ń kọ ewì rẹ̀, bẹ́ẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn ará ilẹ̀ rẹ̀ ń sọ.

Bí èdè náà ṣe rẹ̀yìn
Láti 1831 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ti ń dá ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀ káàkiri Ireland. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń kọ́ni níbẹ̀. Ní ibòmíràn, wọ́n a so igi mọ́ ọmọ lọ́rùn, wọn a sì fi ọ̀bẹ sàmì sí i nígbàkúùgbà tí ó bá sọ èdè Irish. Àmì wọ̀nyí ni wọn a wò láti jẹ ẹ́ níyà. Ìyàn ńlá ti 1845 sí 1852 tún pa nǹkan bíi mílíọ̀nù kan ènìyàn. Èyí tó ju bẹ́ẹ̀ lọ sì ṣí kúrò nílùú. Àwọn tálákà tó ń sọ èdè náà ni ó kàn jù. Òfin ilẹ̀ náà ti 1937 fi Irish ṣe èdè ìjọba àkọ́kọ́. Síbẹ̀, nínú 1,870,000 ènìyàn àti díẹ̀ tó sọ fún àwọn olùkànìyàn ní 2022 pé àwọn lè sọ ọ́, nǹkan bí 72,000 péré ni ó ń sọ ọ́ lójoojúmọ́ ní òde ilé-ẹ̀kọ́.

Ìgbésí ayé rẹ̀
Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n bí i sí ní 1952. Nígbà tí ó di ọmọ ọdún márùn-ún, àwọn òbí rẹ̀, tí wọ́n jẹ́ ọmọ Ireland, rán an lọ sọ́dọ̀ ẹbí ní Corca Dhuibhne, níbi tí Irish ṣì ti jẹ́ èdè oko àti èdè ìdí ààrò. Ẹnu àwọn àgbà ni ó ti gbọ́ ọ, kì í ṣe inú ìwé. Ní Yunifásítì Cork, ó bá àwọn ọ̀dọ́ akéwì tó ń gbé ìwé Innti jáde kẹ́gbẹ́. Ó bá ọkọ rẹ̀, ọmọ ilẹ̀ Turkey, gbé ní òkè-òkun kí ó tó padà sílé ní 1980. Ìwé ewì rẹ̀ àkọ́kọ́, An Dealg Droighin, jáde ní 1981. Òun ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Ewì ilẹ̀ Ireland láti 2001 sí 2004.

Iṣẹ́ rẹ̀
Lítíréṣọ̀ alohùn ni orísun ewì rẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ òde-òní ni ó ń fi í sọ: ìfẹ́, ọmọ bíbí, àìsàn. Nínú The Fifty Minute Mermaid (2007), tí Paul Muldoon bá a tú sí Gẹ̀ẹ́sì, ó sọ nípa àwọn ará inú òkun, ìdajì ènìyàn, ìdajì ẹja, tí wọ́n wá tẹ̀dó sórí ilẹ̀. Wọn kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni dárúkọ omi létí wọn mọ́. Ó hàn gbangba pé a lè ka èyí sí ìtàn àwọn tó pàdánù èdè wọn.

Nínú Ceist na Teangan, ó fi ìrètí rẹ̀ sínú ọkọ̀ ojú omi kékeré ti èdè, bí ìgbà tí a bá gbé ọmọ sínú apẹ̀rẹ̀ bíi ti Mósè, tí a fi sójú omi láìmọ ẹni tí yóò gbà á. Ní 1990, akéwì mẹ́tàlá, tí Seamus Heaney wà lára wọn, tú ewì rẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì nínú ìwé Pharaoh's Daughter.

Ìkádìí
Ìdáhùn wa nìyí: akéwì yìí kò ka iye òǹkàwé kí ó tó gbé apẹ̀rẹ̀ sómi. Bí kò bá kọ ọ́, kí ni àwọn atúmọ̀ ì bá tú? Òfin nìkan kò sì lè gba èdè là. Lílò ni ń mú un wà láàyè. Àwọn ilé-ẹ̀kọ́ kan ń bẹ láàrin wa tó ṣì ń gba owó ìtanràn lọ́wọ́ ọmọ tó bá sọ Yorùbá. Igi ọrùn náà ni, àwọ̀ rẹ̀ ni ó yí padà. Ojúṣe àwa olùkọ́ ni láti já a.